“Ó Ṣiṣẹ́ Lọ́wọ́ Mi!” Kí Ni Ọmọ Yín Ń Sọ?

Bí ẹ bá ní ọmọ tí ó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, yálà ní Kabba níbí, ní Ìyàrá, ní Mọ̀pà tàbí ní Lọ́kọ́ja, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu rẹ̀ rí: “Ó ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ mi!” Ọmọ ti jókòó sí ìdí ẹ̀rọ láti àárọ̀, ó kọ iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un, ó dán an wò, ó dára. Ó gbé e lọ sí orí íńtánẹ́ẹ̀tì kí ẹni tí ó ni iṣẹ́ lè rí i, ojú ìwé funfun báláú ni ó yọ sí onítọ̀hún. Ẹni tí ó ni iṣẹ́ ní ọ̀lẹ ni ọmọ náà. Bàbá rẹ̀, tí ó ti san owó ẹ̀kọ́ tí ó sì ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀, kò mọ ẹni tí òun yóò gbà gbọ́.

Èmi a máa sọ fún irú bàbá bẹ́ẹ̀ pé kí ó fara balẹ̀ ná kí ó tó bínú. Nígbà púpọ̀, òótọ́ ni ọmọ náà ń sọ, òótọ́ sì ni ẹni tí ó ni iṣẹ́ náà ń sọ. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Iṣẹ́ kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà méjì ni wọ́n gbà dé ìdí rẹ̀, ohun tí ó sì wà lẹ́nu ọ̀nà kan kò sí lẹ́nu ọ̀nà kejì.

OHUN TÍ OJÚ ÀWỌN ỌMỌ WA RÍ NÍ 2025

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ eré ni èyí. Ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún ọdún 2025, JAMB gbé èsì ìdánwò UTME jáde. Àwọn ọmọ tí ó ṣe ìdánwò náà ju 1,900,000 lọ, àwọn tí kò sì gba tó 200 nínú 400 láàárín wọn ju 1,500,000 lọ. Igbe ta káàkiri. Àwọn kan ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò kàwé mọ́, fóònù ni wọ́n ń tẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 14 oṣù náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, tí ó ń darí JAMB nígbà náà, dúró níwájú àwọn oníròyìn, ó tọrọ àforíjì, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀.

Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé àtúnṣe kan wà tí ó yẹ kí wọ́n fi sí orí gbogbo àwọn server tí ó ń ṣe iṣẹ́ ìdánwò náà. Wọ́n fi í sí orí àwọn tí ó wà fún ẹkùn Kaduna. Wọn kò fi í sí orí àwọn tí ó wà fún ẹkùn Èkó, tí ó ń sin Èkó àti ìpínlẹ̀ márùn-ún ti Gúúsù Ìlà-Oòrùn. Ibùdó ìdánwò 157 ni ọ̀ràn náà kàn, ọmọ 379,997: 206,610 ní ibùdó 65 ní Èkó, 173,387 ní ibùdó 92 ní Gúúsù Ìlà-Oòrùn. Láti ọjọ́ 16 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n padà láti tún ìdánwò náà ṣe. Ẹ ro iye ọmọ tí wọ́n ti nà, iye tí wọ́n ti bú, láàárín ọjọ́ 9 sí ọjọ́ 14, lórí ohun tí kò sí lọ́wọ́ wọn.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan níbẹ̀. Ètò kan náà ni. Ẹni tí ó bá dán an wò ní ẹkùn Kaduna nìkan yóò búra pé kò sí ohun tí ó ṣe é, kò sì ní í purọ́. Ti JAMB, láàárín server kan àti server kejì ni ìyàtọ̀ wà. Ti ọmọ yín kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó wọ́pọ̀ jù ú lọ fíìfíì: láàárín ọwọ́ ara rẹ̀ àti web server ni.

ILẸ̀KÙN Ẹ̀YÌNKÙLÉ ÀTI ILẸ̀KÙN IWÁJÚ

Ohun tí àwọn ọmọ wa ń pè ní script kò ju ìwé àṣẹ tí a kọ fún kọ̀ǹpútà lọ. Ṣí fáìlì yìí. Ka àwọn orúkọ inú rẹ̀. Ẹni tí ọjọ́ ìbí rẹ̀ bá jẹ́ òní, fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i. Oríṣiríṣi èdè ni a fi ń kọ ọ́. PHP ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí òun ni ó wà lábẹ́ WordPress, WordPress sì ni ọ̀pọ̀ ìjọ àti ilé ẹ̀kọ́ fi ń kọ́ ojúlé wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Rasmus Lerdorf, tí a bí ní Greenland tí ó sì dàgbà ní Denmark àti Kánádà, ni ó bẹ̀rẹ̀ PHP ní 1994 nítorí ojúlé ti ara rẹ̀, ó sì fi í lé gbogbo ayé lọ́wọ́ ní 1995. Nítorí web server ni ó ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó di ìparí 2002, nígbà tí PHP 4.3 jáde, kí èyí tí a dìídì ṣe fún command line tó di ara ẹrù tí gbogbo ènìyàn ń gbà pẹ̀lú rẹ̀. Láti ìgbà náà ni èdè kan náà ti ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà méjì.

Command line ni ojú dúdú tí ẹ máa ń rí tí ọmọ ń tẹ ọ̀rọ̀ sí. Kò sí àwòrán níbẹ̀, kò sí bọ́tìnnì. Ó tẹ orúkọ script, ó tẹ Enter, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, èsì sì yọ sí ojú ibi kan náà. Ó dàbí ohun àtijọ́, òótọ́ sì ni pé kì í ṣe ohun tuntun. Irú rẹ̀ ni àwọn tí ó ṣe Unix ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà láti 1969 ń lò. Síbẹ̀ àwọn ọ̀gá nínú iṣẹ́ náà kò tíì fi í sílẹ̀ títí di òní.

Web server ní tirẹ̀ jẹ́ ètò tí ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà tọ̀sán tòru, tí ó ń dúró de ẹni tí yóò kan ilẹ̀kùn. Apache, tí ó ti wà láti 1995, àti nginx, tí Igor Sysoev ará Rọ́ṣíà gbé jáde ní 2004, wà lára àwọn tí ó gbajúmọ̀ jù lọ. Bí ẹ bá tẹ orúkọ ojúlé kan sórí fóònù yín, web server ni ó gba ìbéèrè yín, òun ni ó pe script, òun náà ni ó gbé èsì jáde fún yín. Ẹ̀yin kò fọwọ́ kan script náà rárá. Bí ọ̀rọ̀ ààfin ni. Àlejò tí ó bá fẹ́ rí Ọbaro ní Kabba kò kàn ní í wọ inú yàrá lọ bá Kábíyèsí. Ẹnìkan yóò gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ẹni náà ni yóò sì gbé èsì jáde. Ọmọ inú ilé ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé ní tirẹ̀.

TA NI Ó Ń ṢE IṢẸ́ NÁÀ?

Ibi tí ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyí. Nígbà tí ọmọ yín bá pe script láti command line, orúkọ ọmọ yín ni kọ̀ǹpútà fi ń ṣe é. Fáìlì tí ọmọ náà bá ní ẹ̀tọ́ láti ṣí, script náà ní ẹ̀tọ́ láti ṣí i. Ṣùgbọ́n orúkọ tirẹ̀ ni web server ń jẹ́. Lórí Ubuntu àti Debian, www-data ni wọ́n sọ ọ́, wọ́n sì mọ̀-ọ́n-mọ̀ fún un ní agbára kékeré, nítorí gbogbo ayé ni ó ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Www-data kò ní ẹ̀tọ́ yẹn. Bí ẹrú ni wọ́n rán an, bí ẹrú ni yóò jẹ́ ẹ. Script tí ó kọ orúkọ sínú fáìlì wẹ́rẹ́ nígbà tí ọmọ yín pè é, yóò sọ pé wọn kò gba òun láyè nígbà tí www-data bá pè é. Òdìkejì rẹ̀ náà máa ń ṣẹlẹ̀: fáìlì tí www-data dá sílẹ̀, ọmọ yín lè má lè pa á rẹ́.

Àwọn ọ̀dọ́ kan a fi ìbínú ṣí gbogbo ilẹ̀kùn sílẹ̀. Wọ́n a tẹ 777, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ pé kí ẹnikẹ́ni kà á, kí ẹnikẹ́ni kọ sínú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni sì lò ó. Èmi kò fara mọ́ ọn. Bí kọ́kọ́rọ́ kan bá ṣòro yí, a kì í yọ ilẹ̀kùn kúrò lára ilé nítorí rẹ̀. Kí wọ́n fún www-data ní àyè sí folder kan ṣoṣo tí ó nílò, ó tán.

Ibi tí script dúró sí tún yàtọ̀. Bí PHP bá gba command line wọlé, ibi tí ọmọ yín wà nígbà tí ó tẹ àṣẹ ni script gbà pé òun wà. Bí web server bá pè é, inú folder tí script fúnra rẹ̀ wà ni ó máa ń gbà pé òun wà. Nítorí náà, bí a bá kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé “ṣí orúkọ.txt” láìsọ ibi tí orúkọ.txt wà, ọ̀kan yóò rí i, èkejì kò ní í rí i. Kí a kọ àdírẹ́sì fáìlì náà ní kíkún, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ni ó dára.

Èyí tí ó jọ ti JAMB jù lọ nìyí. Lórí Ubuntu, ìwé ìlànà PHP, tí ń jẹ́ php.ini, kì í ṣe ẹyọ kan. Ọ̀kan wà nínú folder tí ń jẹ́ cli, òmíràn wà nínú folder tí ń jẹ́ apache2. Ọmọ lè lọ tún ti cli ṣe, kí ó dán an wò láti command line, kí ó rí i pé ó ti dára, kí ó sì pe onísẹ́ pé ó ti parí. Ti apache2 ṣì wà bí ó ti wà. Wọ́n tún Kaduna ṣe, wọ́n gbàgbé Èkó.

ÀTẸ̀JÍṢẸ́ FÚN 600 ÈNÌYÀN

Ọ̀rọ̀ àkókò ni ó máa ń kan àwa tí a wà nínú ìjọ jù. Ẹ jẹ́ kí a ní ìjọ kan ní ọmọ ìjọ 600, akọ̀wé sì fẹ́ kí gbogbo wọn gbọ́ pé a ti yí ọjọ́ ìpàdé padà. Ọmọkùnrin kan nínú ìjọ kọ script, ó fi bọ́tìnnì kan sí ojúlé fún akọ̀wé. Ó fi nọ́ńbà mẹ́ta dán an wò, ó lọ geere. Bí àtẹ̀jíṣẹ́ kọ̀ọ̀kan bá gba ìṣẹ́jú-àáyá kan, 600 yóò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kò sí ohun tí ó burú nínú ìyẹn bí ó bá jẹ́ command line, nítorí PHP kò fi òpin sí àkókò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí web server bá pè é, ìṣẹ́jú-àáyá 30 ni PHP ń fún un, àfi bí a bá yí i padà.

Àwọn tí ó mọ̀ díẹ̀ yóò sọ fún yín pé lórí Linux, àkókò tí script fi ń dúró de ẹ̀rọ mìíràn kò sí nínú 30 yìí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nginx tí ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ní sùúrù tirẹ̀, ìṣẹ́jú-àáyá 60 ni, òun sì ń ka gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí 60 bá ti pé tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan, yóò kọ 504 sójú fóònù akọ̀wé. Ó lè jẹ́ pé script ṣì ń bá iṣẹ́ lọ lẹ́yìn. Ó sì lè jẹ́ pé ó ti dúró sí àárín ọ̀nà. Akọ̀wé kò mọ̀, ó tún bọ́tìnnì tẹ̀. Báyìí ni Adé àti Àìná yóò gba àtẹ̀jíṣẹ́ kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, tí Yẹmí àti Yínká kò ní í gba ẹyọ kan. Owó ìjọ sì ni ìkọ̀ọ̀kan wọn.

Ọ̀nà tí ó dára ni pé kí bọ́tìnnì náà má ṣe fi ohunkóhun ránṣẹ́ fúnra rẹ̀. Kí ó kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ nìkan pé iṣẹ́ kan ti dé, kí ó dá akọ̀wé lóhùn kíákíá, kí ó sì jẹ́ kí akọ̀wé lọ sinmi. Script kejì, tí ó ń gba command line, ni yóò wá gbé iṣẹ́ náà, tí yóò fi í ránṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí yóò sì máa fàmì sí orúkọ ẹni tí ó ti gbà, kí ó lè mọ ibi tí òun dé bí iná bá lọ. Ẹni tí ń jí i ni cron. Cron wà lórí Linux, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa wo aago lọ. Ẹ sọ fún un pé agogo mẹ́fà àárọ̀ ni kí ó pe script ọjọ́ ìbí, yóò pè é, ẹ̀yin ìbáà ṣì wà lórí ibùsùn. Ọ̀pọ̀ àwọn tí a ń san owó ojúlé fún ní ibi tí a ti lè kọ iṣẹ́ cron sílẹ̀. Kí ẹ béèrè.

Wàyí o, WordPress ní ohun kan tí ó pè ní wp-cron, orúkọ rẹ̀ sì ń tan ènìyàn. Kò ní aago. Ìgbà tí àlejò bá kan ilẹ̀kùn ojúlé ni ó máa ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àkókò iṣẹ́ kan ti tó. Ojúlé ńlá kò lè mọ ìyàtọ̀, nítorí àlejò kì í wọ́n níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjọ kékeré tí ó ṣètò pé kí ẹ̀kọ́ òwúrọ̀ jáde ní agogo márùn-ún ìdájí, tí ẹnikẹ́ni kò sì ṣí ojúlé rẹ̀ títí di agogo mẹ́sàn-án, agogo mẹ́sàn-án náà ni ẹ̀kọ́ yóò jáde. Àwọn ènìyàn a ní ẹni tí ń bójú tó ojúlé ni ó sùn gbàgbé. Ìwòsàn rẹ̀ ni kí a kọ DISABLE_WP_CRON sínú wp-config.php pé true, kí a sì ní kí cron gidi máa pè é lásìkò.

ILẸ̀KÙN TÍ A KÒ TÌ

Àwọn iṣẹ́ kan wà tí kò yẹ kí wọ́n gba ilẹ̀kùn iwájú láé. PHPUnit jẹ́ irinṣẹ́ tí àwọn tí ń kọ PHP fi ń dán iṣẹ́ wọn wò. Sebastian Bergmann ará Jámánì ni ó dá a sílẹ̀. Nínú rẹ̀ ni fáìlì kékeré kan wà tí ń jẹ́ eval-stdin.php. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ PHP tí a bá fi lé e lọ́wọ́, kí ó ṣe é láìbéèrè. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí ó ni ilé nìkan ni ó ń pè é, kò sí ewu. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kó gbogbo irinṣẹ́ wọn pọ̀ mọ́ ojúlé, wọ́n gbé e sínú folder tí gbogbo ayé lè rí. Web server kò mọ̀ pé ohun inú ilé ni. Ẹni tí ó bá béèrè, ó pè é fún un. Ní 2017 ni wọ́n kéde rẹ̀ tí wọ́n sì fún un ní nọ́ńbà CVE-2017-9841. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, àwọn olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣì ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n ń wá a.

PHP fúnra rẹ̀ ti ṣubú sínú irú kòtò yìí. Ní 2012, wọ́n rí i pé nínú ìṣètò kan tí ń jẹ́ CGI, ohun tí àlejò bá kọ sẹ́yìn àmì ìbéèrè nínú àdírẹ́sì ojúlé lè wọlé bí ẹni pé ẹni tí ó ni ilé ni ó tẹ̀ ẹ́ ní command line. Ẹni tí ó bá kọ -s síbẹ̀, PHP yóò tú inú script sílẹ̀ fún un kí ó kà á. Wọ́n tì í. Ní 2024, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Orange Tsai, ní ilé iṣẹ́ DEVCORE ní Taiwan, tún rí ibi tí ó ti lanu lórí Windows, wọ́n sì tún un tì.

Ohun tí ọmọ yín lè ṣe kò le. Script tí ó jẹ́ ti cron tàbí ti ọwọ́ ara rẹ̀, kí ó gbé e sí ìta folder tí ń jẹ́ public_html, níbi tí web server kò dé. Kí ó sì kọ ọ́ sí orí ìlà àkọ́kọ́ pé bí PHP_SAPI kò bá jẹ́ cli, kí iṣẹ́ dúró níbẹ̀.

BÍ ẸJỌ́ BÁ DÉ IWÁJÚ YÍN

Nígbà tí ọmọ bá ní ó ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ òun, tí onísẹ́ sì ní òun kò rí nǹkan kan, ẹ má ṣe bi í pé ṣé òótọ́ ni. Ẹ bi í pé ta ni ó pè é nígbà tí ó ṣiṣẹ́. Bí ó bá ní òun ni, ẹ ní kí ó pè é ní orúkọ www-data, ní orí server tí àlejò ń lò gan-an. Sudo -u www-data ni yóò kọ ṣáájú àṣẹ rẹ̀. Ẹ tún bi í pé kí ni ìwé àkọsílẹ̀ àṣìṣe sọ. Ojú ìwé funfun yẹn kò túmọ̀ sí pé kọ̀ǹpútà kò fèsì. Lórí ojúlé tí ó ti jáde fún gbogbo ènìyàn, wọ́n máa ń ní kí PHP má ṣe sọ àṣìṣe rẹ̀ fún àlejò, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé nínú ilé. Bí ó bá jẹ́ Apache lórí Ubuntu, inú /var/log/apache2/error.log ni ó wà. Ọmọ tí ó bá lọ kà á kí ó tó jiyàn, ẹ jẹ́ kí ó máa bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ.

Bí kò bá sì sí owó kọ̀ǹpútà nílé, fóònù Android ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Ètò kan wà tí ń jẹ́ Termux tí ó ń gbé command line wá sórí fóònù, a sì lè fi PHP sínú rẹ̀. Láti 2012 ni PHP ti ní web server kékeré kan nínú ara rẹ̀, fún ìdánwò nìkan, kì í ṣe fún àlejò. Kí ọmọ náà kọ script onílà kan tí ó ń sọ PHP_SAPI, orúkọ ẹnu ọ̀nà tí ó gbà wọlé. Kí ó pè é láti command line, yóò dáhùn pé cli. Kí ó wá tẹ php -S localhost:8080, kí ó ṣí àdírẹ́sì script náà nínú browser lórí fóònù kan náà. Dátà kò ní í jó lórí èyí. Ọ̀rọ̀ tí yóò rí lọ́tẹ̀ yìí ni cli-server.